Dókítà Yéwándé Savage: ẹ̀bùn ní Edinburgh, BQ ní Gold Coast

Gbogbo oṣù kẹta ọdún, tí àyájọ́ ọjọ́ àwọn obìnrin bá ti dé, fọ́tò "obìnrin àkọ́kọ́" ló máa ń kún ojú fóònù wa. Obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò, obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, obìnrin àkọ́kọ́ tó di dókítà. A ó tẹ ọkàn pupa, a ó pín in, ó parí. Ìbéèrè méjì wà tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni bi lábẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀: nígbà tó dé ẹnu iṣẹ́, èló ni wọ́n ń san fún un? Ilé wo ni wọ́n fún un gbé?

Mo fẹ́ fi ìbéèrè méjèèjì yìí wo ayé obìnrin kan. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ó gùn díẹ̀ o. 🧵

Orúkọ rẹ̀ ni Agnes Yéwándé Savage. Ní 1929 ló gboyè dókítà ní Yunifásítì Edinburgh, ní Scotland. Ọmọ ọdún 23 péré ni. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti ìran Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó kàwé gboyè nínú ìṣègùn òyìnbó. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ orúkọ Dókítà Abímbọ́lá Awólíyì (mo ń bọ̀ lórí ìyá yẹn, ẹ ní sùúrù), àmọ́ ọdún mẹ́sàn-án ni Yéwándé fi ṣáájú.

Yéwándé. Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí à ń sọ bẹ́ẹ̀: ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti papòdà. Ìlú Edinburgh gan-an ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1906, nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ ní Yéwándé.

Bàbá rẹ̀, Richard Akinwándé Savage, ọmọ Èkó ni. Òun náà kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Edinburgh yẹn, ó jáde ní 1900. Ìyá rẹ̀ ni Maggie Bowie, òyìnbó Scotland, ọmọ mẹ̀kúnnù. Bàbá yìí kì í ṣe ẹni tó ń panu mọ́. Ọdún tó jáde ní yunifásítì gan-an ló lọ jókòó nínú ìpàdé àwọn èèyàn dúdú àgbáyé tí wọ́n ṣe ní London. Nígbà tó yá, ó ṣiṣẹ́ dókítà ní Cape Coast, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, ó sì tún ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn kan níbẹ̀, Gold Coast Leader. Ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ National Congress of British West Africa, àwọn tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú náà ní ẹnu nínú ìjọba ìlú rẹ̀. Nígbà tó padà sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1923, Nigerian Spectator.

Dókítà tó ń tẹ ìwé ìròyìn! Tó bá jẹ́ pé ayé ìsinsìnyí ni, aago méjì òru ni bàbá yẹn ì bá máa bá gómìnà fa wàhálà lórí ayélujára.

Ohun tó ń bí bàbá nínú, a máa tó dé ibẹ̀, torí ohun náà ló ga bí ògiri dúró de ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé ìwé náà. Ní 1869, Sophia Jex-Blake àti àwọn obìnrin mẹ́fà míì wọlé láti kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh yìí kan náà. Òyìnbó ni gbogbo wọn o, ọmọ onílé ni wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1870, wọ́n ń lọ ṣe ìdánwò, ni àwọn ọkùnrin bá dí ojú ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń sọ ẹrọ̀fọ̀ lù wọ́n. Nígbà tí àwọn obìnrin náà ráyè wọlé tán, àwọn kan tún ti àgùntàn wọ inú yàrá ìdánwò lé wọn lórí. Àgùntàn gidi. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti dá tíróòlù sílẹ̀, ẹ rí i báyìí.

Àwọn obìnrin yẹn kàwé títí, yunifásítì kọ̀, kò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, kóòtù gbè sẹ́yìn yunifásítì ní 1873. Ó di àwọn ọdún 1890 kí obìnrin tó lè gboyè ìṣègùn níbẹ̀. Àwọn méje àkọ́kọ́ yẹn wá gba ìwé ẹ̀rí wọn ní 2019. Bẹ́ẹ̀ ni, 2019, gbogbo wọn ti kú tipẹ́tipẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí ló bá wọn gbà á.

Nígbà tí Yéwándé máa fi débẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ẹnikẹ́ni ò sọ ẹrọ̀fọ̀ lu obìnrin mọ́. Ọmọ náà sì mú! Kó tó dé yunifásítì rárá, ó ti yege nínú ìdánwò orin ti Royal College of Music ní 1919, ọmọ ọdún 13. Ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí George Watson's Ladies' College. Ní ọdún kẹrin rẹ̀ ní yunifásítì, ipò kìíní ló mú nínú gbogbo iṣẹ́ tó ṣe. Ó gba ẹ̀bùn nínú ìmọ̀ àrùn awọ ara. Ó tún gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìmọ̀ ìṣègùn tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ òfin, irú èyí tí dókítà fi ń yẹ òkú wò láti mọ ohun tó pa á. Obìnrin kankan ò gba irú èyí rí nínú ìtàn yunifásítì náà. Nígbà tó ń jáde ní 1929, òun ni wọ́n fún ní Dorothy Gilfillan Memorial Prize, ẹ̀bùn obìnrin tó ta gbogbo obìnrin yòókù yọ láàárín àwọn tó gboyè lọ́dún yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Ilé ìwé tó jẹ́ pé ọgọ́ta ọdún ṣáájú ni wọ́n ń lé obìnrin níbẹ̀, ti fún ọmọ bàbá Akinwándé ní gbogbo ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ wọn. Tó bá jẹ́ ìwé kíkà ni wàhálà, wàhálà ti parí nìyẹn.

Ó wá wáṣẹ́ lọ.

Ó wọ iṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Gold Coast gẹ́gẹ́ bíi dókítà kékeré. "Kékeré" yẹn ni kí ẹ wò. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin òyìnbó tó bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Owó oṣù rẹ̀ ò tó tiwọn. Ilé tí wọ́n sì fún un gbé, ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ilé ẹ̀yìn. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní BQ, bọ́ìsì kọ́tà.

Ẹ má yára kọjá ibẹ̀. Ẹni tó gba ipò kìíní ní Edinburgh, tí wọ́n bí sí Edinburgh, tí ìyá tó bí i lọ́mọ jẹ́ òyìnbó Scotland, òun ni wọ́n fi sí ibi tí kúùkù àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé.

Ṣé ọ̀gá kan ló kàn burú lọ́jọ́ yẹn ni? Rárá. Òfin ni.

Ní 1902, nígbà tí Joseph Chamberlain jẹ́ mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ àwọn ìlú tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí, wọ́n pa iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka kan. West African Medical Staff ni wọ́n pè é. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé síbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Yúróòpù. Kò sí ìbéèrè pé ṣé o mọ iṣẹ́. Ta ni bàbá rẹ, ta ni ìyá rẹ, òun ni ìbéèrè. Aláwọ̀ dúdú tó bá jẹ́ dókítà lè ṣiṣẹ́ fún ìjọba, àmọ́ orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ á kéré, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé lánàá á sì jẹ́ ọ̀gá lé e lórí. Àwíjàre wọn ni pé òyìnbó ò ní gbà kí dúdú tọ́jú òun, kò sì ní gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. A máa ń rò pé àwọn èèyàn wa ò ráyè wọlé nígbà yẹn nítorí pé ọ̀làjú ò tíì dé, pé díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Irọ́ ni. Ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí rí. Africanus Horton, ọmọ Sierra Leone tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, gboyè dókítà ní Edinburgh ní 1859, ó sì ṣe dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní Èkó wa níbí, kí ọdún 1900 tó pé, Obadiah Johnson ti ṣiṣẹ́ dókítà ìjọba (òun ni àbúrò Samuel Johnson, òun ló tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ tò kó tó jáde ní 1921). John Randle náà wà níbẹ̀. Ògúntọ́lá Sàpárà náà wà níbẹ̀, ẹni tó dọ́gbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. (Ìtàn tiyẹn, ọjọ́ mìíràn ni. Ó le!)

Torí náà, àwọn tó kọ òfin 1902 mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú lè ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ti rí i tó ń ṣe é. Wọ́n kàn fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ ni.

Ṣé ẹ ti wá rí ohun tó ń bí bàbá Yéwándé nínú báyìí? Ọdún méjì péré lẹ́yìn tó jáde ní Edinburgh ni wọ́n gbé òfin yẹn dé. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbé lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi gègé bá wọn jà. Lẹ́yìn ọdún 27 tí òfin náà ti wà, ọmọ rẹ̀ náà gboyè, ó bá ìwà kan náà níbẹ̀. Bàbá kú ní 1935.

Àmọ́ o, nǹkan yí díẹ̀ fún Yéwándé ní 1931. Ilé ìwé kan wà lẹ́bàá Accra, Achimota. 1927 ni wọ́n ṣí i. Ẹ lọ wo báàjì rẹ̀: bọ́tìnì dùùrù ni, dúdú àti funfun, ìyẹn ni pé orin ò lè dùn láìjẹ́ pé méjèèjì dún pọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé náà nígbà yẹn, Alec Fraser, òyìnbó ni, ló mú Yéwándé wá ṣe dókítà àti olùkọ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló lò.

Ní Achimota, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tó jẹ́ olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Susan Ofori-Atta ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọba ni. Lójoojúmọ́ ló ń rí obìnrin tó ní irun àti orúkọ Áfíríkà tó ń gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà dókítà kọ́rùn. Susan kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, lẹ́yìn náà ló lọ sí Edinburgh, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ ní Gánà tó jẹ́ dókítà, ní 1947. Mo gbà pé rírí tó ń rí Yéwándé lójoojúmọ́ yẹn ṣe nǹkan kan lára rẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn o, àmọ́ ẹ gbìyànjú láti ronú pé nǹkan mìíràn ni.

Nígbà tí Yéwándé padà sí iṣẹ́ ìjọba, ipò tí wọ́n fún un sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra ni: ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́, wọ́ọ̀dù àwọn aboyún, kó tún máa bójú tó ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé. Ní 1945 ó darí ètò bí wọ́n ṣe dá ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Korle Bu. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe wọ́ọ̀dù kan níbẹ̀.

Ẹ wo nǹkan tó kó jọ sọ́rùn: dókítà, olùkọ́, alámòójútó ilé, olùdásílẹ̀ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lónìí á ti mọ irú ọ́fíìsì yẹn. Iṣẹ́ mẹ́rin, owó ẹnì kan.

Ní 1947, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, lára àti lọ́kàn. Ọmọ ọdún 41 ni. Ó padà sí Scotland, ó ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọdún tó lọ sinmi yẹn gan-an ni Susan gboyè.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí, torí mo ṣèlérí.

Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì, ọmọ Akérelé, wọ́n bí i ní Èkó ní 1910. Ilé ìwé St. Mary's, ó tún lọ sí Queen's College. Ó lọ sí Ireland, ó sì gboyè dókítà ní Dublin ní 1938. Òun ni obìnrin kejì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òun sì ni àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn Massey Street ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ipò wo ni wọ́n fún un? Dókítà kékeré. Ẹ̀yin náà ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Yéwándé ni pé Awólíyì dúró títí òyìnbó fi lọ. Ó di ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn kan náà ní 1960, ọdún òmìnira, ó sì wà níbẹ̀ di 1969. Ọdún 22 ló wà láàárín ìgbà tó gboyè àti ìgbà tó jókòó sórí àga ọ̀gá. Láti 1964 títí tó fi kú ní 1971, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, National Council of Women's Societies. Àwọn ará ìlú náà sì fi oyè tiwọn kún tìjọba: Ìyá Àbíyè Èkó. Mo fẹ́ràn oyè yẹn ju gbogbo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ lọ. Obìnrin bímọ láyọ̀, ó gbóhùn ìyá, ó gbóhùn ọmọ. Ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá sì rò pé dókítà nìkan ni ògiri yẹn dí lọ́nà, ẹ wo àwọn nọ́ọ̀sì. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Scott, tíṣà ni ní Èkó kó tó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London ní 1946. Ó wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní St Thomas' Hospital, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò fẹ́ kó tọ́jú òun nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé e mì, ó yege, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ó padà sílé ní 1954. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe sísítà, ìyẹn olórí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní rárá, àwọn òyìnbó ni ipò yẹn wà fún. Ní Nàìjíríà o! London gbà kó tọ́jú òyìnbó, Nàìjíríà ò gbà kó ṣe olórí wọ́ọ̀dù tí àwọn ará ilé rẹ̀ sùn sí.

Ó dúró tì wọ́n. Nígbà tó yá wọ́n gbà, ó sì ń gun àkàsọ̀ lọ ní UCH Ìbàdàn. Ní 1964 ó di métírónì níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973 ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, ó sì di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ní 1964 yẹn náà, ní Scotland, àrùn rọpárọsẹ̀ pa Dókítà Yéwándé Savage. Ọmọ ọdún 58 ni.

Tí ìyá tàbí ìyá àgbà yín bá ṣe nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí dókítà láyé ìgbà yẹn, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń gbà, ilé wo ni wọ́n fún wọn gbé, ta ló sì jẹ́ ọ̀gá lé wọn lórí. Ẹ wá kọ èsì síbí fún wa. Mo ń kà á o.